Ohùn Àǹtí Mi Tó Há Sínú Díísìkì

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Dókítà ti mú ọjọ́. Ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi tá a jọ ń gbé. Kókó tó yọ sínú ọ̀fun wọn ti lẹ̀ mọ́ ibi tí ohùn ti ń jáde, wọn ò sì lè mú ọ̀kan kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Àǹtí mi béèrè pé, "Ṣé mo ṣì máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀?" Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í to bírò orí tábìlì rẹ̀. Ó tò wọ́n sápá ọ̀tún, ó tún tò wọ́n sápá òsì. Àǹtí mi ní, "Ó ti yé mi, dókítà. Ẹ fi bírò yẹn sílẹ̀."

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ bọ̀ wálé, bí ọsẹ ṣe gbówó lórí la ń sọ. Mi ò mọ ìdí tá a fi ń sọ̀rọ̀ ọsẹ.

Ọpẹ́ ni pé a ti gba ohùn wọn sílẹ̀ láti oṣù kẹfà, nígbà tó ṣì ń dún ketekete. Ọmọ wọn obìnrin wà lókè òkun pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù keje, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ tó ń bọ̀ mọ ohùn ìyá ìyá rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, orúkọ gbogbo ará ilé wa, bí a ṣe ń ka nǹkan láti ení dé ọgọ́rùn-ún, títí kan bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tí kò fẹ́ jẹun wí, gbogbo rẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Inú díísìkì kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì wà. Èmi tí mò ń fi títún àṣìṣe inú ìwé oníwèé ṣe jẹun, tí mò ń bú àwọn òǹkọ̀wé pé wọn kì í ní ẹ̀dà! Lọ́la ni màá ṣe ẹ̀dà tèmi.

Ọjọ́bọ̀, 5

Òjò láti àárọ̀. Mo tú ìdí kọ̀ǹpútà. Díísìkì kékeré kan wà ńbẹ̀ tó gbé Línúsì, ètò tí kọ̀ǹpútà mi fi ń ṣiṣẹ́, dúró, mi ò ní í fọwọ́ kan ìyẹn. Àwọn méjì yòókù ni ọ̀gá mi àtijọ́ fún mi lọ́jọ́ tí ilé ìtẹ̀wé wa kógbá sílé. Ìbejì gidi ni wọ́n: ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, títóbi kan náà, àwọ̀ kan náà. Ọ̀gá ti pín ọ̀kan sí yàrá fúnra wọn kí wọ́n tó gbé e fún mi, òun ni mo kó ohùn sí. Èkejì, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so wáyà mọ́ lónìí, kò tíì ní yàrá kankan nínú. Pápá gbalasa ni, mo sì gbọ́dọ̀ pín in kó tó lè gba ẹrù.

Mo tẹ àṣẹ sójú dúdú tí mo fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ó sì to orúkọ wọn fún mi. sda ni kékeré, sdb ni ti ohùn, sdc ni òfìfo. Kí n má bàa ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, mo gé bébà, mo kọ sdb, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ohùn. Mo kọ sdc mọ́ òfìfo. Lẹ́tà gàdàgbà-gadagba ni mo fi kọ ọ́, mo tún fi rúlà fàlà sí i nídìí. Àǹtí mi yọjú wá wò mí.

"Ṣé ò ń sọ wọ́n lórúkọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ kú ewu ọmọ o."

Iná lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Iná dé lọ́sàn-án. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo ní kó sọ sdc di yàrá kan ṣoṣo gbọọrọ. Ó ní òun rí àmì àtijọ́ kan lórí rẹ̀, ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ó dá mi lójú. Àlòkù ni, ta ló mọ ohun tí ilé ìtẹ̀wé ti fi ṣe rí. Ó ní ó ti parí.

Ó ku kí n fọ́máàtì rẹ̀, kí n nu inú rẹ̀ mọ́ fún ẹrù tuntun, ni Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ní pálọ̀. Tíì ló gba ọ̀nà òdì lọ́fun wọn. Mo sáré jáde, mo ń fọwọ́ lù wọ́n lẹ́yìn, ojú wọn ti pọ́n. Nígbà tó fi máa rọlẹ̀, iṣẹ́ ti sú mi, mo pa kọ̀ǹpútà. Ohùn wọn ti ń ha gan-an. Lónìí wọ́n pè mí títí kí n tó gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo fẹ́ ṣí ibi tí ohùn wà, kò ṣí. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ irú nǹkan tó wà nínú sdb, ó sì bi mí tìfẹ́tìfẹ́ bóyá kí òun fọ́máàtì rẹ̀ fún mi. Mo wo sdc, èyí tí mo pín lánàá. Kò ní yàrá kankan. Pápá gbalasa ló ṣì jẹ́, àfi bíi pé mi ò ṣe nǹkan kan lánàá.

Ẹ gbà mí. Èyí tí mo pín ò pín. Èyí tí mi ò fọwọ́ kàn ló bà jẹ́.

Mo pa á, mo tún un tàn. Bákan náà. Àǹtí mi béèrè láti pálọ̀ pé kí ló dé tí mò ń dá sọ̀rọ̀. Mo ní kò sí. Mo ní mò ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Mo rò pé wáyà ni. Mo ti ra wáyà tuntun, ọ̀wọ́n gógó. Mo yọ ti tẹ́lẹ̀, mo fi tuntun sí i, mo tan kọ̀ǹpútà.

Báyìí, sdb ló ṣófo. sdc ló ní yàrá tí kò ṣí.

Mo bọ́jú, mo tún wò ó. Lánàá, sdc ló ṣófo, sdb ló ní yàrá. Mo yọjú wo inú kọ̀ǹpútà, bébà tí mo lẹ̀ ṣì wà lára wọn digbí, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba. Àbí yàrá ń rìn ni? Ṣé ó ń kó kúrò nínú díísìkì kan lọ sí èkejì nígbà tí mi ò sí ńbẹ̀? Mo mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Mo kàn ń kọ ohun tí ojú mi rí ni.

Orí mi ti dàrú pátápátá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ọkùnrin tó ń tún un ṣe lójú títì. Ó tẹ̀ ẹ́ bíi mélòó kan, ó ní, "Mà, èyí tó ní yàrá yìí, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ, á dà bíi tuntun."

Mo ní ohùn ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀.

"Ẹ ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ, mà."

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan, kò sì ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi títí mo fi délé. Àǹtí mi rí mi tí mo gbé e wọlé mọ́yà bí ọmọ, wọ́n ní, "Ṣé ara ọmọ ẹ ò yá ni?" Àwọn nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì sọ fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 12

Òjò. Mi ò tan kọ̀ǹpútà. Mo ka ojú ìwé kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ oníṣẹ́ ní àkàtúnkà, mi ò sì mọ ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ. Ó lè jẹ́ òun náà ni ò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo yọ díísìkì tí mo kọ sdc mọ́ kúrò, mo fi ọ̀kan tó kù sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà pè é ní sdb. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo wá yọ ìyẹn, mo dá èkejì padà. Kọ̀ǹpútà pe òun náà ní sdb.

Mo fọwọ́ lẹ́rán. Bébà ara rẹ̀ ń pariwo sdc, kọ̀ǹpútà ń pè é ní sdb, àwọn méjèèjì ò sì bẹ̀rù mi. Mo lọ jókòó ní pálọ̀, mo rò ó fún Àǹtí mi bí ẹni tó ń sọ ìtàn aládùúgbò, mi ò sọ ohun tó há sínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ jálẹ̀, wọ́n bomi díẹ̀ sọ́fun. Ohùn tó jáde ò ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ.

"Ṣé orúkọ wọn nìyẹn, àbí ipò wọn lórí ìlà? Ní kíláàsì mi, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ló ń jẹ́ Nọ́ńbà Wan. Tó bá dọ̀la, ẹlòmíì ni."

Mo ní, "Ẹ dúró ná."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Tó bá jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ jí ló ń jẹ́ sdb, a jẹ́ pé bébà tí mo lẹ̀ ò wúlò láti ìgbà tí iná ti lọ. A jẹ́ pé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn... Mi ò fẹ́ ronú dé ibẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Nọ́ńbà kan wà lára díísìkì kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ìyẹn kì í yí padà. Mo ní kí kọ̀ǹpútà ka nọ́ńbà wọn fún mi, mo sì fi wé èyí tó wà lára wọn: èyí tó ní yàrá tí kò ṣí ni díísìkì ohùn.

Èmi ni. Díísìkì ohùn ni mo pín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, nítorí kí ohùn náà má bàa sọnù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Mo sọ fún wọn. Wọ́n ń ká aṣọ lórí àga, wọn ò dúró.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

Wọ́n ká aṣọ mìíràn. Wọ́n tún tú u, wọ́n tún un ká. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní, "Dìde, Àbíkẹ́yìn, ilẹ̀ tútù. Ṣebí mi ò tíì lọ síbì kankan. A máa tún un gbà."

Báwo ni wọ́n ṣe lè fara balẹ̀ báyìí? Ká ní wọ́n bú mi ni, ara á tù mí.

Ọjọ́rú, 18

A gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí ohùn wọn máa ń dáa díẹ̀. Mo gbé fóònù sí iwájú wọn, mo ti fèrèsé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn àkọ́kọ́. Ohùn ń já, ó ń padà wá, ó ń ha, ọ̀rọ̀ míì ò tilẹ̀ jáde rárá. Wọ́n ń fi ọwọ́ àti ojú ṣe ibi tí ohùn ò bá dé. Mo gbìyànjú láti mú un mọ́ra. Nígbà tó yá, mo pa á.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná, Àǹtí mi. Kò dùn-ún gbọ́ báyìí. Màá wá tàtijọ́ rí."

Wọ́n ní, "Kò burú." Wọ́n dìde lọ sí yàrá.

Títí di ìrọ̀lẹ́, wọn ò bá mi sọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo se oúnjẹ tí wọ́n lè gbé mì, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní o ṣeun. Mo rò ó títí, mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Lánàá tí mo ba gbogbo nǹkan jẹ́, wọ́n dárí jì mí. Lónìí tí mo ní màá tún un ṣe, wọ́n ń bínú.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Mo ti ń bi àwọn èèyàn léèrè lórí ayélujára, àwọn tó mọ Línúsì dunjú. Wọ́n fún mi ní ìrètí, bí mi ò bá ṣì wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ohun tí mo fi pípín yẹn pa rẹ́ ò ju pátákó ẹnu ọ̀nà lọ. Ilé ṣì wà, ẹrù ṣì wà nínú ilé, kìkì pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà mọ́. Bí mo bá tún un pín kó bẹ̀rẹ̀ gẹ́ẹ́ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, á ṣí. Bí mo bá fọ́máàtì rẹ̀, ó parí. Tíì ló gbà mí. Bí kì í bá ṣe tíì tó gba ọ̀nà òdì, mi ò bá ti fọ́máàtì rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn.

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí èkejì rẹ̀, kí n máa fi ẹ̀dà dánra wò. Mo ya bébà méjèèjì dànù. Mo ní kí Àǹtí mi bá mi ka nọ́ńbà ara díísìkì kí n máa wò ó lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n kà á, mi ò gbọ́ bóyá ẹ̀jọ ni wọ́n pè tàbí ẹ̀fà. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà, màá kà á fúnra mi." Wọ́n gbé díísìkì lé mi lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Kí ló tún dé báyìí?

Ó dà á kọ tán nírọ̀lẹ́. Gbogbo ayé ní orí 2048, nínú àwọn ìwọ̀n wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ka ojú díísìkì, ni yàrá àkọ́kọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 2048. Kò ṣí.

Ọjọ́ Àìkú, 22

Mo lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ díísìkì dé òpin, tó ń wá ibi tí ilẹ̀kùn ti wà rí. Ó rìn títí, ó sì kó ilẹ̀kùn jọ fún mi lọ́pọ̀ yanturu. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ kí òmíràn tó parí. Òmíràn tóbi ju díísìkì fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀kan tilẹ̀ ní orí 63 ni òun ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan láti orí 63? Mo fàlà sí i lórí pé kí n má wulẹ̀ dán an wò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn tó jọ ọlọ́gbọ́n wò. Kò sí èyí tó ṣí.

Mo pe ọ̀gá mi àtijọ́, àwọn ló kúkú pín in. Wọn ò gbé e. Mo tún pè. Wọn ò gbé e.

Àǹtí mi pè mí láti pálọ̀. Mo ní mò ń bọ̀. Nígbà tí mo máa débẹ̀, wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, tàbí wọ́n ní àwọn ti gbàgbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Ọ̀gá pè mí padà. Etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́, mo ń pariwo.

"Ọ̀gá, díísìkì tẹ́ ẹ fún mi, orí wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ pípín rẹ̀?"

"Olójú Eèrà!" Bí wọ́n ṣe ń pè mí níbi iṣẹ́ nìyẹn, torí àṣìṣe wẹ́wẹ́ tí mo máa ń rí. "Ṣé wọ́n ti sanwó iṣẹ́ fún ẹ?"

"Díísìkì, sà! Díísìkì! Orí wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ah, ìyẹn. 63. Ibo la ò bá tún ti bẹ̀rẹ̀?"

"Gbogbo ayé ní 2048, sà."

"Àwọn ọmọ àná nìyẹn. Nígbà tiwa, 63 ni. Mo mọ̀ pé wọ́n ti yí i padà, ṣùgbọ́n èmi ò yí padà. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Àwọn ará ilé ń kọ́?"

Mo ní wọ́n wà. Mo dúpẹ́ títí wọ́n fi ní ó tó. Lẹ́yìn náà, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo sì ń wò ó, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Bí 63 náà ò bá ṣí, kò sí ibòmíràn tí mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26

Ó ṢÍ.

Mo ka nọ́ńbà ara ẹ̀dà, mo tún un kà, mo pín in láti orí 63, mo tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣí bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ rí. Gbogbo ìtàn wà ńbẹ̀. Mo tẹ ọ̀kan, ohùn Àǹtí mi jáde ketekete, wọ́n ń sọ fún ọmọ tí wọn ò tíì bí pé kó gbé ìgbọ́nwọ́ kúrò lórí tábìlì. Mo pariwo. Mo jó yí tábìlì po. Lẹ́yìn náà, mo ṣe bákan náà fún díísìkì gan-an, òun náà ṣí.

Mo sáré lọ bá wọn ní yàrá. Mo ní, "Mo ti rí i! Mo ti rí ohùn yín!"

Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ọ láti ibí." Wọ́n ní, "O káre." Wọ́n kọjú sí ògiri.

Èmi tí mo ti ń fojú inú wo ọjọ́ yìí láti ọjọ́ wọ̀nyí, tí mo rò pé a máa dì mọ́ra! Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó kúkú yé mi ju èèyàn lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28

Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ wọn. Ó pè, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbé fóònù lé ikùn, ọmọ sì ta gìjà. Mo gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Wọ́n sọ nǹkan, ọmọ wọn ní lódìkejì pé òun ò gbọ́, kí wọ́n gbé e fún mi kí n bá wọn sọ ọ́. Wọ́n gbé e fún mi. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n sọ. Wọ́n ní kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti fún Àǹtí mi ní bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Òòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó bo ẹsẹ̀ wọn. Ìyá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì tó ń jẹ bísíkíìtì.

Mo ti kó ohùn sórí fóònù mi, mo rò pé á yá wọn lórí. Mo fi èyí tí wọ́n ti ń bá ọmọ tí kò fẹ́ jẹun wí sí i. Ìyá oníbísíkíìtì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni alákòóso yìí?" Mo nàka sí Àǹtí mi, mo ń yangàn. Wọ́n gbọ́ díẹ̀, orí wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n wá fi ọwọ́ bo fóònù.

"Bá mi pa obìnrin yìí lẹ́nu mọ́."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo ní, "Ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Ó ti ń sọ̀rọ̀ jù." Wọ́n dúró gba èémí. "Òun sọnù, o wá a káàkiri. Èmi ò sọnù. Mo wà ní pálọ̀ ẹ, mò ń pè ẹ́, ò ń sọ pé ò ń bọ̀."

Mo pa fóònù.

"Lọ́la ni wọ́n máa mú eléyìí lọ. Eléyìí tó o ní kò dùn-ún gbọ́. Òun ni mo ní. Sún mọ́ bí, kó o gbọ́ ọ."

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, bí mo ṣe ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ láti ọjọ́ yìí wá, tí mo sì ń bi ara mi pé kí ló ń bí wọn nínú. Ojú tì mí débi pé mi ò lè bẹ̀bẹ̀. Mo fa àga sún mọ́ wọn, mo gbé etí mi sí ẹnu wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn ń ha, ó ń já, wọ́n ń dúró dè é kó padà wá, èmi náà ń dúró. Wọ́n sọ ti bàbá wa. Wọ́n sọ ti ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rárá pé ó wà láyé wọn. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò nípa mi nígbà tí wọ́n bí mi, kò sì dáa, a rẹ́rìn-ín títí ìyá oníbísíkíìtì fi ní ká jọ̀ọ́. Ìyókù, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Fóònù wà lórí ẹsẹ̀ mi ní gbogbo àkókò yẹn. Mi ò gbà á sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá, ó ní àkókò ti tó kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní kó fún àwọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Kò gbọ́ wọn. Mo bá wọn sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 2

Wọ́n gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo wà ní ìta.

Ọjọ́ Ẹtì, 4

Dókítà ní ó yọrí sí rere. Wọ́n ti yọ kókó náà tán, kò ṣẹ́ kù. Ihò kékeré kan wà lọ́rùn wọn báyìí, ibẹ̀ ni èémí wọn á máa gbà, kì í ṣe ẹnu àti imú mọ́. Wọ́n ti kọ́ mi bí màá ṣe máa nù ún. Ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n lajú nígbà tí mo ń ká aṣọ wọn. Wọ́n wò yíká, wọ́n rí mi, wọ́n fọwọ́ pè mí. Mo yára lọ, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé etí mi sí ẹnu wọn, mo ń dúró.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé kò sí ohùn mọ́. Mo gbójú sókè. Wọ́n ti la ẹnu, àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí ni. A wo ara wa. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Mo fẹ́ nàró. Wọ́n di etí mi mú, wọ́n fà á padà síbi tó wà, wọn ò sì fi í sílẹ̀.